Ẹ̀bùn Òṣìṣẹ́ Tó Há Sínú Àkáǹtì Ọ̀gá

Ọ̀rọ̀ owó la fẹ́ bá ara wa sọ lóṣù yìí, pàápàá owó tí ojú kì í rí.

Nígbà tí owó náírà wọ́n bí ojú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, lẹ́yìn tí Báńkì Àpapọ̀ pààrọ̀ ₦200, ₦500 àti ₦1,000, ọ̀pọ̀ wa ní Ìlá Ọ̀ràngún àti Òkè-Ìlá ló kọ́ bí a ṣe ń fi fóònù sanwó. Àṣà náà kò sì tíì lọ.

Tẹ́lẹ̀, bí a bá jẹun tán nílé oúnjẹ, a ó fi owó díẹ̀ lé ẹni tó gbé e wá lọ́wọ́, a ó ní, "Gbà, fi ra omi." Lónìí, àkáǹtì ọ̀gá la ń fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí.

Àwa fúnra wa ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìkómọ kan, a fi ₦2,000 kún owó oúnjẹ, a sọ fún arábìnrin tó dá wa lóhùn pé tirẹ̀ ni àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a bi í léèrè. Ó wolẹ̀, ó ní, "Bàbá, a ò tíì rí i, sà."

A lọ bá ọ̀gá rẹ̀, onígbàgbọ́ ni òun náà. Kò sẹ́. Owó ẹ̀bùn àti owó ọjà ti dàpọ̀ nínú àkáǹtì kan. Ìrẹsì àti gáàsì ló ti fi rà. Nígbà tó yẹ kó pín in, àkáǹtì ti gbẹ. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Álẹ́ẹ̀tì kì í sọ èyí tó jẹ́ ti ọ̀gá àti èyí tó jẹ́ ti ọmọṣẹ́, báńkì kò sì ní bá wa fi owó tí a ti ná ránṣẹ́.

Ẹ ka Àwọn Ọba Kejì, orí 12. Owó ń wọlé nígbà ayé Jóáṣì, síbẹ̀ títí di ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀, wọn kò tún ilé Olúwa ṣe. Jèhóíádà mú àpótí kan, ó lu ihò sí ìdérí rẹ̀. Akọ̀wé ọba àti olórí àlùfáà jọ ka owó náà, wọ́n fi lé àwọn alábòójútó lọ́wọ́, àwọn yẹn sì san ti gbẹ́nàgbẹ́nà àti ọ̀mọ̀lé. Owó òṣìṣẹ́ ní àpótí tirẹ̀!

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún ẹ̀bùn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé lójoojúmọ́, kí òṣìṣẹ́ kan wà níbẹ̀. Ẹ yan ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí ẹ ó máa fi ti kálukú ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ̀. Ìlànà Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2020 fi owó ìfiránṣẹ́ sí ₦10 fún owó tó kéré sí ₦5,000. Ẹ má yọ ọ́ lára ti ọmọ ọlọ́mọ.

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́, ẹ má fi àkáǹtì yín gba owó oúnjẹ ọ̀gá. Olè ni. Ẹ̀yin oníbàárà, bí ẹ bá fẹ́ fún ọmọṣẹ́ ní ẹ̀bùn, ẹ fi ránṣẹ́ sí i lọ́tọ̀, kí ọ̀gá sì mọ̀.

Deutarónómì 24 kọ́ wa pé kí oòrùn má wọ̀ lórí owó alágbàṣe. Jákọ́bù 5 ní owó tí a há mọ́wọ́ ń ké, Olúwa sì ń gbọ́. A kò lè fi owó òṣìṣẹ́ san ìdámẹ́wàá.

Ọ̀gá náà san gbèsè rẹ̀, ó sì ṣí àkáǹtì kejì. Kí Olúwa fọ ọwọ́ gbogbo wa mọ́. Àmín.