Bí Ìrántí àti Ẹ̀kọ́ Ṣe Lè Dẹ́kun Ìkórìíra Ẹ̀yà Mìíràn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ìkórìíra ẹ̀yà ni kí ènìyàn kórìíra ọmọnìkejì rẹ̀, kì í ṣe nítorí ohun tí onítọ̀hún ṣe, bí kò ṣe nítorí ìran tí a bí i sí. Àwa ará Òkè-Ògùn ti wà nípò ẹni tó kó o rí, a sì ti wà nípò ẹni tó ṣu.

Kí ọdún 1969 tó dé, àwọn ará Ṣakí, Ìgbòho àti Ìgbẹ́tì ti ń ṣòwò ní ilẹ̀ Gánà láti ayé àwọn baba wọn. Ibẹ̀ ni a bí ọ̀pọ̀ nínú wọn sí. Wọ́n ń pàtẹ ọjà wẹ́wẹ́ láti ìlú ńlá dé abúlé, wọ́n sì ń tà á láwìn. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ilẹ̀ náà dẹnu kọlẹ̀ tí iṣẹ́ sì wọ́n, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àjèjì ló gba ọjà mọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 18, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, ìjọba Ọ̀mọ̀wé Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì! Ta ni yóò rí gbèsè gbà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Ẹni tí ó kọ́lé tà á ní pọ́ọ́kú, tàbí kí ó ti ilẹ̀kùn, kí ó sì máa lọ. Àwọn ọmọ tí kò fẹsẹ̀ tẹ Ṣakí rí ni a ń sọ fún pé ilé ni wọ́n ń lọ.

Ẹnikẹ́ni yóò rò pé ẹni tí ojú rẹ̀ rí èyí kò ní í fi ṣe ẹlòmíràn. Kò pé ọdún 14 tí àwa náà ṣe é. Ní ọjọ́ 17, oṣù kìn-ín-ní, ọdún 1983, nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ìjọba Alhaji Shehu Shagari lé àwọn àjèjì tí kò ní ìwé. Ọ̀sẹ̀ méjì náà ni a fún ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn ọmọ Gánà tí ó bá a lọ lé ní 1,000,000: bíríkìlà, télọ̀, alágbàṣe. Ẹnubodè Gánà wà ní títì nígbà náà, nítorí náà ọ̀pọ̀ há sójú ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ àti ẹrù. Báàgì tí wọ́n fi kó ẹrù ni a sọ ní ‘Ghana Must Go’, a sì ń fi orúkọ náà ṣe ẹ̀fẹ̀ títí di òní. Èmi kò rí ohun ẹ̀rín níbẹ̀.

Kì í ṣe pé a kò rántí 1969. Àwọn kan tilẹ̀ ní ẹ̀san rẹ̀ ni. Ìyà tiwa nìkan ni a rántí, irú ìrántí bẹ́ẹ̀ kò sì lè dẹ́kun ohunkóhun.

Ibi tí irú ọ̀rọ̀ yìí lè dé hàn nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn Júù ní Jámánì. Ní 1933, ìjọba Hitler ní kí ènìyàn má rajà ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Ní 1935, a gba ẹ̀tọ́ ọmọ-onílùú lọ́wọ́ wọn. Ní 1938, a dáná sun sínágọ́gù wọn. Nígbà tí yóò fi di 1945, a ti pa nǹkan bí 6,000,000 Júù ní ilẹ̀ Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ nínú wa kò fojú kan Júù rí, síbẹ̀ a ń gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé àwọn ni wọ́n wà nídìí gbogbo ibi ayé. Irọ́ tí a fi pa wọ́n náà nìyẹn. Lónìí, ní ìlú púpọ̀ ní Jámánì, a ri òkúta kékeré onídẹ mọ́ ilẹ̀ níwájú ilé tí a ti kó wọn lọ, a sì kọ orúkọ ẹni kọ̀ọ̀kan sí i. Ọmọ iléèwé tí ń kọjá lọ yóò ka orúkọ ènìyàn kan, yóò sì béèrè ẹni tí ó jẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ṣe níhìn-ín, nítorí iná kò tíì kú. Ní Ìgàngàn, ní Ìbàràpá tí ó múlé gbè wá, a sun ilé àwọn Fúlàní ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021. Ní oṣù kẹfà, àwọn agbébọn wọ ìlú náà lóru, wọ́n sì pa àwọn ará ìlú. Bí màlúù bá jẹ oko, olówó màlúù ni kí a mú, kì í ṣe ìyá tí ń ta wàrà lọ́jà Ìsẹ́yìn. Kí àgbẹ̀ àti darandaran máa pàdé nígbà tí ìjà kò tíì sí, nítorí ẹni tí a mọ orúkọ rẹ̀ ṣòro láti fi ẹ̀sùn ẹlòmíràn kàn.

Iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rọrùn. Àwọn àgbà tí ó ti Gánà dé ní 1969 ṣì kù díẹ̀. Kí ó jókòó tì wọ́n, kí ó kọ ohun tí wọ́n pàdánù sílẹ̀. Kí ó tún béèrè bóyá ọmọ Gánà kankan bá wọn ru ẹrù dé ibùdókọ̀, àti bóyá wọ́n rántí orúkọ bíríkìlà ọmọ Gánà tí ó fi àdúgbò wọn sílẹ̀ ní 1983.