NÍGBÀ TÍ AṢỌ KÉÈKÌ BÁ YA

Ṣàṣà ni ìgbéyàwó tàbí ayẹyẹ ọjọ́ ìbí tí a ń ṣe láyé òde òní tí a kò ní bá kéèkì lórí tábìlì. Àkàrà òyìnbó ni àwọn àgbà wa ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu, nítorí pé ọwọ́ òyìnbó ni a ti gbà á. Ṣùgbọ́n nísinsìnyí, ilé ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń ṣe é. Láàrin àwa akẹ́kọ̀ọ́ pàápàá, àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé owó kéèkì ni wọ́n fi ń ra ìwé, òun náà ni wọ́n sì fi ń san owó yàrá. Kí kéèkì jinná kì í ṣe ìṣòro fún wọn mọ́. Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà wọ́n ni ìgbà tí ó bá ku kí wọ́n wọ̀ ọ́ láṣọ, èyíinì ni kí wọ́n fi fọ́ńdáǹtì bò ó. Aṣọ yìí lè sán, ó lè ya, ó lè wú, ó lè làágùn, ó sì lè hun jọ nísàlẹ̀ bí ìró tí a kò ró dáradára. Nígbà mìíràn, wákàtí méjì péré ni yóò kù kí ẹni tí ó ti sanwó wá gbé kéèkì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú fọ́ńdáǹtì tí mò ń wí. Oríṣi kan wà tí ó ń ṣàn bí oyin, tí wọ́n máa ń dà lé àwọn kéèkì kéékèèké lórí. Ìyẹn kọ́. Èyí tí mò ń sọ ni èyí tí a ń pò bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì, tí a ń fi igi róbótó yí pẹrẹsẹ, tí a sì ń tẹ́ bo kéèkì kí ara rẹ̀ lè dán. Kí ó tó gbòde, ṣúgà tí a fi funfun ẹyin lù ni a máa ń rí lára kéèkì ìgbéyàwó. Ẹni tí ó bá ti gé ìyẹn jẹ rí kò ní gbàgbé bí ó ti le tó.

Ẹni tí ó bá fẹ́ po fọ́ńdáǹtì fúnra rẹ̀ yóò wá kílò kan ṣúgà tí a lọ̀ kúnná bí àtíkè, èyí tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní áísìn ṣúgà. Yóò wá jẹ́látìn ṣíbí ńlá kan, omi tútù tí ó tó ìdá kan nínú mẹ́rin ife, gúlúkóòsì olómi ìdajì ife, gílísárìn ṣíbí ńlá kan, àti ọ̀rá funfun tí kò níyọ̀ ṣíbí ńlá méjì. (Kì í ṣe gúlúkóòsì lúbúlúbú tí àwọn ọmọdé ń lá o; èyí tí ó ki bí oyin ni.) Ṣúgà ni ara. Jẹ́látìn ni ó ń dì í pọ̀ tí ó fi ń nà láìjá. Gúlúkóòsì kì í jẹ́ kí ṣúgà padà di hóró, gílísárìn ń di omi mú kí ó má baà tètè gbẹ, ọ̀rá kì í sì í jẹ́ kí ó lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́. Awọ àti egungun ẹran ni wọ́n fi ń ṣe jẹ́látìn. Nítorí náà, ó yẹ kí Mùsùlùmí wo ara páálí rẹ̀ dáradára kí ó tó rà á, kí ó lè mọ̀ bóyá ti màlúù ni tàbí ti ẹlẹ́dẹ̀.

Nínú gbogbo nǹkan wọ̀nyí, omi kò tó nǹkan, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ẹ wo iyọ̀ tí a gbé kalẹ̀ láìdé ní oṣù Agẹmọ tí òjò ń rọ̀. Kò ní pẹ́ tí yóò fi máa ṣomi. Kò sí ẹni tí ó bu omi sí i. Inú afẹ́fẹ́ ni ó ti fà á. Ìwà ṣúgà náà nìyẹn. Bí afẹ́fẹ́ bá kún fún ọ̀rinrin, fọ́ńdáǹtì a fa omi sára, a rọ̀, a sì máa lẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé ní oṣù Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́ẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ a gba omi ara rẹ̀, a gbẹ, a sì sán. Òṣùwọ̀n kan náà, ọwọ́ kan náà, ilé ìdáná kan náà. Ohun tí ó dára ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́ lè dà bí ẹrẹ̀ ní oṣù Agẹmọ. Púpọ̀ nínú àwọn ìwé tí ó ń kọ́ni ní iṣẹ́ yìí ni a kọ ní ilẹ̀ olótùútù, níbi tí ẹ̀rọ amúlégbóná ti ń gbẹ afẹ́fẹ́ inú ilé. Nígbà tí wọ́n bá ní kí á fi gílísárìn kún un kí ó lè rọ̀, òótọ́ ni lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ní Èkó lẹ́yìn tí òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi ṣe ara rẹ̀.

Nítorí náà, kí á tó wá àtúnṣe, ó yẹ kí á mọ ohun tí ó ṣe é. Èdè wa ràn wá lọ́wọ́ níhìn-ín ju bí a ti rò lọ. Gìgísẹ̀ a máa sán nínú ọyẹ́. A kì í sọ pé ó ya. Aṣọ tí ìṣó fà a máa ya. A kì í sọ pé ó sán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti fọ́ńdáǹtì. Èyí tí ó sán, gbígbẹ ni ó gbẹ. Èyí tí ó ya, fífà ni a fà á, tàbí kí ó ti fẹ́lẹ́ jù. Èyí tí ó ń làágùn, inú òtútù ni ó ti bọ́ sínú ooru. Bí ọ̀rẹ́ mi kan bá ké pè mí pé kéèkì òun ti bàjẹ́, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, ṣé ó sán ni àbí ó ya?

Ìdánwò kan tún wà tí a lè ṣe kí á tó tẹ́ ẹ rárá. Ẹ bu èyí tí ó tó ẹyin adìẹ, kí ẹ fà á sí méjì. Bí ó bá já láìnà rárá, tí ojú ibi tí ó ti já sì rí ṣákiṣàki, ó gbẹ. Bí ó bá nà gbọọrọ tí ó sì ń lẹ̀ mọ́ ìka, omi pọ̀ jù nínú rẹ̀. Èyí tí ó dára a nà díẹ̀ kí ó tó já.

Èyí tí ó gbẹ kò ṣòro. Ẹ fi ọ̀rá pa ọwọ́, kí ẹ máa pò ó títí ooru ọwọ́ yóò fi wọ̀ ọ́ lára. Bí kò bá gbọ́, ẹ kán gílísárìn sí i lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, kí ẹ tún pò ó. Ẹ má ṣe bu omi lé e lórí, nítorí omi a yọ́ ṣúgà ojú rẹ̀, inú rẹ̀ a sì wà ní gbígbẹ síbẹ̀. Èyí tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń dán sùúrù ẹni wò. Áísìn ṣúgà ni ẹ ó máa fi kún un díẹ̀díẹ̀. Bí òjò bá ń rọ̀ gan-an, ẹ wá lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n ń pè ní CMC lọ́dọ̀ àwọn tí ń ta èlò kéèkì, kí ẹ po ṣíbí kékeré kan mọ́ kílò kan, kí ẹ dì í sínú láílọ́ọ̀nù, kí ó sì wà bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Ní ọjọ́ kejì yóò ti le díẹ̀. Láílọ́ọ̀nù yìí ṣe pàtàkì ní ìgbà gbogbo. Fọ́ńdáǹtì tí a kò bò nínú ọyẹ́, kí á tó yí ojú padà, èèpo ti mú un lójú. Èèpo yìí ni ó sì ń di kókó nígbà tí a bá tún un pò.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ọ̀pọ̀ àbùkù tí a ń rí lára aṣọ, abẹ́ aṣọ ni ó ti wá. Ògiri tí kò tẹ́jú, kò sí ọ̀dà tí a lè fi kùn ún tí àbùkù rẹ̀ kò ní hàn. Kí á gé òkè kéèkì tí ó wú kúrò, kí á sì fi bọ́tà tí a fi ṣúgà lù rẹ́ ẹ bí bíríkìlà ti ń rẹ́ ilé: rírẹ́ kìíní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí ó lè mú ẹ̀rúnrún, rírẹ́ kejì kí ara rẹ̀ lè dọ́gba. Kíríìmù tí a fi wàrà tútù lù kò dára lábẹ́ fọ́ńdáǹtì, nítorí omi rẹ̀ a máa yọ́ ọ. Kéèkì tí ó ní ìpele púpọ̀ tún máa ń wálẹ̀ lẹ́yìn tí a bá tò ó tán, nítorí pé ìwúwo òkè ń tẹ ìsàlẹ̀. Bí a bá wọ̀ ọ́ láṣọ kí ó tó wálẹ̀ tán, bọ́tà àárín àwọn ìpele a yọ síta, ẹ̀gbẹ́ kéèkì a sì yọ bí ikùn ọlọ́lá lókè bẹ́líìtì. Kí á tò ó lónìí, kí á rẹ́ ẹ, kí ó sinmi mọ́jú, kí á tó bò ó lọ́la. Ẹni tí kò bá lè fún un ní òru kan yìí, kí ó má gba iṣẹ́ náà.

Ní ti títẹ́ rẹ̀, ìṣirò díẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ìbú kéèkì róbótó bá jẹ́ íǹṣì 8, tí gíga rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 4, ẹ ro 8 pọ̀ mọ́ 4 lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ fi 2 kún un: íǹṣì 18 nìyẹn. Bí ó bá nípọn tó mìlímítà 4, yóò gbà tó kílò kan. Èyí tí ó bá fẹ́lẹ́ jù bẹ́ẹ̀ dáadáa, etí kéèkì ni yóò ti ya. Èyí tí ó bá sì nípọn jù, ìwúwo ara rẹ̀ ni yóò fà á wálẹ̀, àwọn àlejò yóò sì ṣí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Orí kéèkì ni a kọ́kọ́ ń fọwọ́ tẹ́ kí afẹ́fẹ́ má baà há síbẹ̀, lẹ́yìn náà etí rẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti máa ń ya. Ẹ̀gbẹ́ ni ó kẹ́yìn. Ibi tí ó bá hun jọ nísàlẹ̀, ẹ má ṣe fà á wálẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan ṣí i síta bí ẹni tí ń ṣí ìṣẹ́po ìró, kí ẹ fi ọwọ́ kejì pa á mọ́ ara kéèkì láti òkè wá sí ìsàlẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tí ó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun a máa gé èékánná rẹ̀, a sì bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà ọwọ́ sílẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kàn án.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ ńkọ́? Etí tí ó sán wẹ́wẹ́, ẹ fi ọ̀rá díẹ̀ sí ìka, kí ẹ máa yí ìka náà po lórí rẹ̀ kí ó tó gbẹ. Sísán náà yóò pa dé. Afẹ́fẹ́ tí ó há sábẹ́, ẹ fi abẹ́rẹ́ tí ó mọ́ gún un ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kí ẹ rọra fi ọwọ́ ti afẹ́fẹ́ náà jáde, kí ẹ sì fi ìka pa ojú ihò náà rẹ́. Èyí tí ó ya ni ó ń fẹ́ ìlẹ̀. Ẹ mú fọ́ńdáǹtì díẹ̀, kí ẹ kán omi sí i, kí ẹ pò ó títí yóò fi dà bí ògì tí ó ki. Ẹ fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kì í sínú ibi tí ó ya, kí ẹ fi ìka tútù tẹ́ ojú rẹ̀, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ. Nítorí èyí, kí á máa fi ìwọ̀n ẹ̀kúnwọ́ kan pamọ́ nínú fọ́ńdáǹtì tí a ti pa láró, torí pé bí a bá tún aró mìíràn pò, kò ní bá ti àkọ́kọ́ mu. Bí ó bá jẹ́ pé ó ya kọjá àtẹ́lẹwọ́ lórí kéèkì, tàbí tí gbogbo rẹ̀ ń yọ̀ wálẹ̀, ṣíṣí ni kí á ṣí i. Èyí tí bọ́tà bá ti dàpọ̀ mọ́ kò ṣeé tún tẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe sọ kílò kan ṣúgà nù nítorí ọgbẹ́ tí kò ju èékánná lọ.

Àwọn kan ń sọ pé ẹ̀tàn ni kí á fi òdòdó tàbí ríbọ́ọ̀nù bo ibi tí a lẹ̀. Èmi kò gbà. Ibi tí òdòdó yóò wà kò sí nínú àdéhùn, bẹ́ẹ̀ ni kéèkì náà kò yí padà lẹ́nu. Kí á fi fọ́ńdáǹtì bo kéèkì tí ó ti ń bu, ìyẹn ni ẹ̀tàn.

Ní ti òógùn, fíríìjì ni ó sábà máa ń fà á. Kéèkì tí ó tutù bọ́ sínú ooru, omi inú afẹ́fẹ́ sì dì mọ́ ọn lára bí ó ti ń dì mọ́ ara ìgò ohun mímu tútù. Ẹ má ṣe nù ún, nítorí pé ojú ìka yóò hàn, aró pupa tàbí dúdú yóò sì ràn mọ́ funfun. Ẹ jìnnà sí i, kí ẹ jẹ́ kí fáànù máa fẹ́ sí i láti òkèèrè; yóò gbẹ fúnra rẹ̀. Bí iná bá lọ, ẹ ṣí fèrèsé tí òjò kò bá rọ̀. Ẹ̀kán omi tí ó bá ta sí i lára náà, fífi aṣọ gbà á ni, kì í ṣe nínù.

Ìyẹ̀fun àgbàdo tí a wọ́n sábẹ́ rẹ̀ nígbà títẹ́ a máa fi àbàwọ́n funfun sílẹ̀ lára aró dúdú. Ọtí líle tí ó mọ́ gaara ni àwọn oníṣẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì pa á, nítorí pé ó tètè ń gbẹ ju omi lọ. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kọ ọtí lè fi ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ṣe é. Mo sì mọ ẹnì kan tí ó fi ògógóró ṣe é. Gbogbo ilé ni ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ṣùgbọ́n àbàwọ́n náà lọ. Aró olómi a máa sọ fọ́ńdáǹtì di rírọ̀, nítorí náà èyí tí ó ki ni kí á lò fún pupa àti dúdú. Kéèkì aláwọ̀ àlùkò kò sì gbọ́dọ̀ sún mọ́ fèrèsé, torí pé oòrùn a máa pa pupa inú rẹ̀, a sì ku búlúù.

Bí ó bá di dandan kí kéèkì ti inú fíríìjì lọ sí ibi àpèjẹ, inú páálí ni kí á ti gbé e, kí á dé e pa, kí á má sì ṣí i títí òtútù ara rẹ̀ yóò fi tán. Ara páálí ni omi yóò dì mọ́.