Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ta ló ń gbèjà sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ aládàáni?

Kì í ṣe gbogbo ohùn tí wọ́n ń gbọ́ lórí rédíò l'Ókìtìpupa ló ń gba owó oṣù. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ aládàáni ń fowó ara wọn ra àkókò ni, wọ́n á tún wá ìpolówó fúnra wọn.

Wọ́n lẹ́gbẹ́ tó lórúkọ, ìyẹn FIBAN. Àmọ́ orí WhatsApp ni ọ̀rọ̀ ti ń yá. Bí alágbo kan bá jẹ gbèsè ìpolówó, tó fẹ́ sá lọ bá sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ mìíràn, ìkìlọ̀ á ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ta ló fẹ́ náwó ẹjọ́ tó ju gbèsè lọ?

Orí WhatsApp náà ni wọ́n ti ń fẹnu kò lórí iye owó iṣẹ́. Kò sí ìwé àdéhùn. Ìtìjú ló ń mú ìfẹnukò náà dúró.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń polówó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sanwó wọn lásìkò.