Àrùn Charcot-Marie-Tooth: Àìlera Iṣan Ìmọ̀lára tí Ọmọ Ń Jogún

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Àmúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́". Ó ní òkè ni ẹ ń wò, ẹ kò wo ìsàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ lè rí nípa akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń kọsẹ̀ ṣáá, tí kò lè bá ẹgbẹ́ sáré, tí ìkọ̀wé rẹ̀ sì ń burú sí i lọ́dọọdún. Olùkọ́ lè pè é ní ọ̀lẹ, nígbà tí ó jẹ́ pé àìlera àjogúnbá ni ó ń bá a fínra. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé ọ̀kan nínú irú àìlera bẹ́ẹ̀, àrùn Charcot-Marie-Tooth (CMT). Orúkọ àwọn dókítà mẹ́ta tí wọ́n ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1886 ni a fi ń pè é: Jean-Martin Charcot àti Pierre Marie ní ilẹ̀ Faransé, àti Howard Henry Tooth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣirò tí ó wọ́pọ̀ ni pé nínú nǹkan bí ènìyàn 2,500, ẹnì kan ní in.

Ohun tí ó ń bàjẹ́ nínú iṣan

Iṣan ìmọ̀lára ni ó ń jẹ́ iṣẹ́ tí ọpọlọ rán sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, òun náà ni ó sì ń gbé ìmọ̀lára padà wá. Ó dà bí wáyà iná: okùn kan wà nínú rẹ̀, èèpo ọlọ́ràá tí a ń pè ní máyẹ́lìn sì bò ó. Èèpo yìí ni ó ń mú kí iṣẹ́ náà yára. Nínú apá àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le, iṣẹ́ a máa rin nǹkan bíi mítà 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Nínú CMT oríṣi kìn-ín-ní, níbi tí èèpo ti bàjẹ́, kì í sábà tó mítà 38. Nínú oríṣi kejì, okùn inú gan-an ni ó ń bàjẹ́. Ẹran-ara tí iṣẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ mọ́ a sì máa joro.

Bí ọmọ ṣe ń jogún rẹ̀

Jíìnì PMP22, tí ó wà lórí kurọmósómù 17, wà lára àwọn tí ń darí bí ara ṣe ń ṣe máyẹ́lìn. Ẹ̀dà méjì ni ó yẹ kí ènìyàn ní: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ní ọdún 1991, àwọn onímọ̀ rí i pé àwọn tí ó ní CMT1A, ẹ̀ka tí ó wọ́pọ̀ jù, ní ẹ̀dà mẹ́ta. Àpọ̀jù yìí ni ó ń ba èèpo jẹ́.

Ní ti àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, ọmọ gbọ́dọ̀ gba jíìnì tí ó ní àbùkù láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì. CMT1A kò rí bẹ́ẹ̀. Òbí kan tó. Nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdajì ni àǹfààní pé ọmọ yóò jogún rẹ̀, ìbáà ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin. Àwọn ẹ̀ka mìíràn wà tí ó nílò òbí méjèèjì. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ìyípadà náà a bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ láìsí lára òbí kankan. Nítorí náà, kò yẹ kí a torí rẹ̀ fi ẹ̀sùn àjẹ́ tàbí àgbèrè kan ìyá.

Àmì àrùn náà

Ó sábà máa ń hàn kí ènìyàn tó pé ogún ọdún. Àárín àtẹ́lẹsẹ̀ a gbé sókè, ọmọ-ìka ẹsẹ̀ a ká kò, iwájú ẹsẹ̀ a sì máa wọ́lẹ̀, tí aláìsàn yóò fi máa gbé orúnkún sókè bí ó bá ń rìn. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọwọ́ náà lè di aláìlágbára, tí bọ́tìnnì dídè àti kálámù dídìmú yóò di ìṣòro. Ìmọ̀lára ẹsẹ̀ a máa dín kù, òkúta sì lè gún un láìmọ̀. Àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ a máa dé lójijì. Díẹ̀díẹ̀ ni CMT ń dé, ẹsẹ̀ méjèèjì ni ó sì sábà ń mú. Kì í ràn, kì í sì í sábà gé ẹ̀mí kúrú.

Ìtọ́jú àti ojúṣe olùkọ́

Kò tíì sí oògùn tí ó ń wò ó sàn pátápátá. Síbẹ̀, eré ìdárayá tí onímọ̀ là sílẹ̀, bàtà tí ó bá ẹsẹ̀ mu, ohun èlò tí ń gbé ọrùn-ẹsẹ̀ ró àti iṣẹ́ abẹ ń ranni lọ́wọ́. Aláìsàn gbọ́dọ̀ sọ fún dókítà pé òun ní in, nítorí vincristine, oògùn jẹjẹrẹ kan, lè mú un le sí i gidigidi.

Olùkọ́ tí ó bá rí àwọn àmì wọ̀nyí yẹ kí ó gba òbí nímọ̀ràn láti gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwòsàn fún àyẹ̀wò iṣan. Kí ó fún un ní àkókò púpọ̀ sí i láti kọ̀wé, kí ó má sì nà án nítorí pé ó pẹ́ dé orí ìlà.

Àgbálọgbábọ̀

CMT kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Jíìnì ni orísun rẹ̀. Nínú kíláàsì ni àmì rẹ̀ ti lè kọ́kọ́ fara hàn; olùkọ́ tí ó bá wo ìsàlẹ̀ ni yóò mọ ìdí tí ẹrù fi wọ́.