Ìrìn-àjò sí Èkó, Ìlú Sinimá

Ní Alágbàká, níbi tí ọ́físì ìjọba pọ̀ sí ní ìlú Àkúrẹ́, mo bá ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan pàdé ní ọjọ́ kan tí ó ń ka owó ní abẹ́ igi. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tí ó fẹ́ fi owó náà ṣe, ó ní, “Ọ̀gá, owó ọkọ̀ Èkó ni. Mo fẹ́ lọ di òṣèré sinimá.” Bẹ́ẹ̀ ni ìdánwò àṣejáde rẹ̀ kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. N kò bá a wí, n kò sì gba owó náà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní kí ó jókòó kí n ṣe àlàyé ìlú tí ó ń lọ fún un. Àlàyé náà ni mo kọ sílẹ̀ yìí fún ẹ̀yin náà.

Èkó jìnnà sí Àkúrẹ́ ní nǹkan bí 300 kìlómítà. Ẹni tí ó bá gba ọ̀nà Oǹdó yóò la igbó àti oko kòkó kọjá kí ó tó dé Ìjẹ̀bú-Òde àti Ṣágámù. Nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde ni Ọ̀sọ́sà wà, ìlú tí a ti bí Hubert Ògúndé ní ọdún 1916. Ẹ fi orúkọ náà sọ́kàn, nítorí a óò tún bá a pàdé níwájú.

Omi ni ó yí Èkó ká. Ọ̀sà wà ní apá kan, òkun wà ní apá kejì. Nítorí ọ̀sà yìí ni orúkọ tí àwọn Potogí fún un, Lagos, fi mọ́ ọn lára. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà ní ọdún 1861, ó sì jẹ́ olú-ìlú Nàìjíríà títí di oṣù Kejìlá ọdún 1991 tí ìjọba kó lọ sí Àbújá. Àlejò tí ó bá gba orí Afárá Third Mainland, tí a ṣí ní ọdún 1990, yóò rìn fún nǹkan bí kìlómítà 12 lórí omi. Láti ibẹ̀ ni yóò ti rí àwọn ilé Mákòókó tí ó dúró lórí òpó nínú ọ̀sà, àti àwọn apẹja nínú ọkọ̀ wọn.

Oòrùn Èkó kò dàbí ti Àkúrẹ́. Ọ̀rinrin òkun a máa mú kí ènìyàn làágùn láti òwúrọ̀ títí di alẹ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹta, ni ó dára jù fún ìbẹ̀wò. Ní oṣù Kẹfà, òjò a máa pọ̀ jọjọ, omi a sì máa gba ojú títì, nítorí pé ilẹ̀ ìlú náà kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju òkun lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ wo òkun lè wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Tarkwa Bay, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe bá ìgbì ṣeré. Omi tí ń padà sínú òkun lágbára ju ẹsẹ̀ ènìyàn lọ.

Wàyí o, báwo ni Èkó ṣe di ìlú sinimá? Ní Gbọ̀ngàn Glover ní Èkó ni a ti kọ́kọ́ fi sinimá han àwọn ará ìlú, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1903. Ní gbọ̀ngàn kan náà ni Ògúndé ti ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1944. Ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ kiri ìlú dé ìlú fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó gbé sinimá tirẹ̀, Aiyé, jáde ní ọdún 1979. Ẹ ṣírò rẹ̀ wò: ọdún 35 ni ó wà láàárín méjèèjì.

Ní ayé ìgbà náà, owó gọbọi ni ó ń bá sinimá ṣíṣe lọ. Nígbà tí owó náírà wá ń dínkù, àwọn òṣèré yíjú sí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, nítorí pé owó rẹ̀ kò pọ̀ tó ti tẹ́lẹ̀. Living in Bondage, tí Kenneth Nnebue gbé jáde ní èdè Ìgbò ní ọdún 1992, tà wàràwàrà, ọ̀nà sì là fún ogunlọ́gọ̀ ènìyàn. Ọjà Ìdúmọ̀tà kún fún kásẹ́ẹ̀tì. Ní ọdún 2009, àjọ UNESCO kéde pé orílẹ̀-èdè Íńdíà nìkan ni ó ṣíwájú Nàìjíríà nínú iye sinimá tí a ń ṣe. Orúkọ Nollywood, tí a fi ṣe àfiwé Hollywood ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà, sì ti gbilẹ̀. Nínú àwọn sinimá Nàìjíríà, A Tribe Called Judah, tí Fúnkẹ́ Akíndélé gbé jáde ní ọdún 2023, ni ó kọ́kọ́ pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní ilé sinimá wa.

Ṣùgbọ́n bí oyin ti dùn tó, oró wà ní ìdí oyin. Ní ọdún 1982, Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá, gbé sinimá Ọ̀run Móoru jáde. Àwọn olè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́, wọ́n ń tà á fún ara wọn. Ẹni tí ó ṣiṣẹ́ bọ́ sínú gbèsè. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ra ẹ̀dà olè, ó ti bá olè pín in.

Ẹ tún jẹ́ kí ó yé yín pé òṣèré nìkan kọ́ ni ó ń ṣe sinimá. Ẹni kan ni ó kọ ìtàn. Ẹlòmíràn ń darí eré. Ẹnì kan di kámẹ́rà mú, ẹnì kan ń tan iná, ẹnì kan ń gba ohùn sílẹ̀, ẹnì kan ń rán aṣọ. Lẹ́yìn gbogbo wọn, ẹnì kan yóò jókòó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láti gé àwòrán kí ó sì tò ó pọ̀. Kò sí ọ̀kan nínú iṣẹ́ wọ̀nyí tí kò ń fẹ́ ìwé kíkà. Òṣèré tí kò lè ka ọ̀rọ̀ tí a kọ fún un, kí ni yóò sọ níwájú kámẹ́rà?

Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe Èkó nìkan ni iṣẹ́ náà wà. Nígbà tí Kúnlé Afọláyan ń ṣe sinimá October 1, tí ó jáde ní ọdún 2014, ó wá ya apá kan nínú rẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti Ìlàrá-Mọ̀kín. Ohun tí ọmọ yìí fẹ́ tìtorí rẹ̀ sá lọ ti wá bá wa nílé rí.

Àdúgbò kan wà ní Èkó tí àwọn onísinimá fi ṣe ibùdó ní ìbẹ̀rẹ̀. Sùúrùlérè ni orúkọ rẹ̀. Mo ní kí ọmọ náà túmọ̀ orúkọ yìí fún mi. Ó rẹ́rìn-ín, kò sì dáhùn. Ṣùgbọ́n ó kó owó rẹ̀ padà sápò. Ó ní òun yóò lọ sí Èkó, ó di ìgbà ọlidé, lẹ́yìn ìdánwò, pẹ̀lú ìmọ̀ bàbá òun.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ lọ wo Èkó. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá dé Èkó tí kò gbọ́n, ibi gbogbo ni yóò gọ̀ dé. Ṣùgbọ́n ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ r’òde: kí ẹ mú díẹ̀ lọ nínú ọgbọ́n náà láti ilé.