Ìkọlù Tó Tú Àṣírí Ohun Àìrí

Lókè réré, ní apá ojú ọ̀run tí wọ́n ń pè ní Carina, agbo gálásì méjì ti forí gbárí. Ó lé ní bílíọ̀nù 3 ọdún tí ìmọ́lẹ̀ tó ń ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa lónìí ti wà lójú ọ̀nà. Bullet Cluster ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ sọ ibẹ̀, torí pé gáàsì agbo tó kéré nínú àwọn méjèèjì rí bí ọta ìbọn.

Gáàsì yìí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ó kún àárín àwọn gálásì náà, ìwọ̀n rẹ̀ sì fi ìlọ́po-ìlọ́po ju ti gbogbo ìràwọ̀ ibẹ̀ lọ. Ó gbóná kọjá mílíọ̀nù 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ohun tó bá gbóná tó bẹ́ẹ̀, X-ray ló ń tú jáde, irú èyí tí wọ́n fi ń ya egungun ní ilé ìwòsàn. Afẹ́fẹ́ ayé kì í jẹ́ kí X-ray òfuurufú dé ilẹ̀. Ààbò ni fún wa, àmọ́ ó di dandan kí awò tí yóò rí i kúrò láyé. Ìdí nìyí tí NASA fi gbé awò Chandra lọ sókè ní July 1999. X-ray tó bá kọlu dígí ní tààrà kì í ta padà, wíwọlé ló máa ń wọ inú rẹ̀. Wọ́n wá ṣe dígí Chandra bí àgbá tó wọnú ara wọn, kí ìtànṣán náà lè fara ra ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá.

Nínú àwòrán Chandra, ìlà kan tẹ̀ níwájú ọta ìbọn náà, níbi tí gáàsì ti ṣàdédé gbóná tó sì ki. Ìgbì ìkọlù nìyẹn. Onímọ̀ ìràwọ̀ Maxim Markevitch àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò eré rẹ̀: nǹkan bíi 4,700 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo!

Ọ̀rọ̀ ńlá tó wà níbẹ̀ jáde ní 2006. Àyè tó wà láàárín gálásì sí gálásì pọ̀, nítorí náà nígbà ìkọlù náà, ńṣe ni àwọn gálásì gba ẹ̀gbẹ́ ara wọn kọjá, bí èrò ọjà tó pàdé lójú ọ̀nà gbòòrò. Gáàsì ní tirẹ̀ fara gbún gáàsì, ó sì rẹ̀yìn. Douglas Clowe àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wo bí agbára òòfà (gravity) ibẹ̀ ṣe ń tẹ ìmọ́lẹ̀ àwọn gálásì tó wà lẹ́yìn, kí wọ́n lè mọ ibi tí ìwúwo wà. Bó bá jẹ́ ohun tí a ń rí nìkan ló wà, ọ̀dọ̀ gáàsì ló yẹ kí ìwúwo tó pọ̀ jù wà. Kò sí níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn gálásì tó ti kọjá lọ ni wọ́n ti bá a. Ohun kan tí kì í tan ìmọ́lẹ̀, tí kò sì jọ pé ó ń fara gbún nǹkan, ti bá wọn lọ.

Láti 1933 ni onímọ̀ ìràwọ̀ Fritz Zwicky ti ń sọ pé irú ohun bẹ́ẹ̀ wà, àmọ́ lójú tèmi, kò tíì sí àwòrán tó là á mọ́lẹ̀ tó èyí, X-ray ló sì mú un ṣeé ṣe: òun ló fi hàn wá pé gáàsì ti rẹ̀yìn. Ohun tí wọ́n fi ṣe ohun àìrí náà, ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀. Àmọ́ ìwádìí X-ray ń bá a lọ: ní September 2023, Japan gbé awò X-ray XRISM gòkè pẹ̀lú àtìlẹ́yìn NASA àti ESA ti ilẹ̀ Yúróòpù. Òun ń wọn eré gáàsì inú agbo gálásì ní tààrà, láti inú X-ray tí irin tó wà nínú gáàsì náà ń tú jáde.