Ohùn Tó Ní Kí Obìnrin Kan Lọ Ṣe Scan

Láti ọjọ́ tí mo ti ka ìtàn yìí ni mo ti ń rò ó. Lọ́dún 1984, obìnrin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń kàwé jẹ́jẹ́ nílé rẹ̀ ló bá gbọ́ ohùn kan: kó má bẹ̀rù, ìrànlọ́wọ́ làwọn fẹ́ ṣe fún un. Kò sì séèyàn kankan nítòsí. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀, Ikechukwu Azuonye (bẹ́ẹ̀ ni o, orúkọ Íbò ni), fún un lóògùn, ohùn náà sì dákẹ́. Àfi bó ṣe lọ lo ìsinmi lókè òkun, tó ṣì ń lo oògùn lọ́wọ́, tí ohùn tún dé. Wọ́n ní kó tètè padà sílé, pé kókó wà nínú ọpọlọ rẹ̀. Wọ́n tiẹ̀ fún un ní àdírẹ́sì kan ní London. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe CT scan nílé ìwòsàn ńlá kan ló jẹ́!

Kò sí àmì àìsàn kankan lára ẹ̀. Nígbà tí wọ́n jàjà ṣe scan ọ̀hún, kókó rèé lóòótọ́, ó gùn tó íǹṣì 2.5. Meningioma ni, ìyẹn kókó tó ń hù látara awọ tó bo ọpọlọ. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í ṣe jẹjẹrẹ. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Bó ṣe jí, ohùn náà dágbére fún un, kò sì gbọ́ ọ mọ́. Azuonye kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ lọ́dún 1997.

Ṣé iwin ni? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Etí nìkan kọ́ ló ń gbọ́ràn. Ọpọlọ ló ń túmọ̀ ohun tí etí gbé wá. Tí kókó bá ń tẹ ibì kan nínú ọpọlọ, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ fúnra wọn láìsí nǹkan kan níta. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn orí, èèyàn lè máa rí ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ mànà. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ orí nítòsí etí, ó lè gbọ́ ohùn tàbí orin, tàbí kó máa gbóòórùn nǹkan tó ń jó nígbà tí kò síná níbì kankan.

Lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá ń gbọ́ ohùn, "ayé ló ń ṣe é" la máa kọ́kọ́ sọ, ilé àdúrà ló kàn. Ẹ gbàdúrà, kò burú. Lóòótọ́, kókó kọ́ ló sábà máa ń fà á. Ibà líle, oògùn olóró, àìsùn tàbí àrùn ọpọlọ mìíràn lè fà á. Ṣùgbọ́n bí orí fífọ́ tó ń le láàárọ̀, èébì tàbí gìrì bá bá a rìn, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà kíá, kẹ́ ẹ sì béèrè nípa scan.

Ti obìnrin yìí ṣì le díẹ̀, torí apá iwájú, láàárín orí, ni kókó tiẹ̀ wà. Àwọn dókítà kan ní kókó tó tóbi tó yẹn ò lè ṣàì jẹ́ kó fura sí nǹkan kan lára, pé ìfura yẹn ló di ohùn. Èmi fara mọ́ wọn. Ti àdírẹ́sì yẹn nìkan ni ò tíì yé mi.